A Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀, À Ń Pa Làpálàpá: Ọ̀rọ̀ Lórí Táyà Ọkọ̀ Wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kàwé jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí.

Ní ìpàdé tí àwa tí à ń kan ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀ ṣe kẹ́yìn, a jókòó fún wákàtí méjì. A lo wákàtí kan gbáko lórí ọ̀dà tí a máa fi kun ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Nígbà tó kan táyà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ẹnì kan ní ká lọ ra táyà ọ̀kadà tó fẹ̀ dáadáa, kí ọkọ̀ wa lè dúró bí ọkùnrin. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́, ìdí rẹ̀ sì rèé.

Kí ni iṣẹ́ ọkọ̀ yìí gan-an? A ò kàn án láti fi gbé ìyàwó lọ sí gbọ̀ngàn. A fẹ́ kó fi epo lítà kan rìn jìnnà ju ti ẹlòmíràn lọ ni. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni Shell Eco-marathon, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG àti UNIBEN ti gbé ọkọ̀ lọ rí. Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń wo ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rí gìrìwò.

Nígbàkígbà tí táyà bá ń yí, apá ibi tó kan ilẹ̀ máa ń tẹ̀, lẹ́yìn náà a tún nà. Rọ́bà kì í dá gbogbo agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ padà. Ìyókù ń di ooru. Ẹ fọwọ́ kan táyà ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé Ìbàdàn, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Ooru yẹn, owó epo ni. Òun ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní rolling resistance.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ọkọ̀ wa wọn kílò 40, ẹni tó ń wà á wọn 50. Kílò 90 nìyẹn. Bí táyà bá jẹ́ irú ti mọ́tò lásán, tí ìdíwọ́ rẹ̀ tó 0.010, ńṣe ló dà bí ẹni pé ọkọ̀ ń gbé ẹrù gíráàmù 900 gòkè fún gbogbo mítà tó bá rìn. Bí ó bá jẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ ológeere tó dára, tí tirẹ̀ wà ní nǹkan bíi 0.004, ẹrù náà di gíráàmù 360. Bí ó bá jẹ́ táyà tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdíje, tó lè sún mọ́ 0.001, gíráàmù 90 péré ló kù. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ẹni kan náà ló ń wà á. Ta ló wá rí ọ̀dà tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò fi ọ̀rọ̀ táyà ṣeré. Ní 2005, ọkọ̀ PAC-Car II tí àwọn ará ETH Zurich kàn, tí kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 30 lọ, rin ìrìn tó jẹ́ kìlómítà 5,385 fún agbára tó wà nínú lítà epo kan, ní Ladoux ní ilẹ̀ Faransé. Táyà tí Michelin ṣe fún irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Volkswagen tó lówó láti ra táyà tó bá wù ú, mílímítà 115 péré ni fífẹ̀ táyà iwájú tó fi sí XL1. BMW náà fi táyà mílímítà 155, tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, sí i3. Ṣé àwọn wọ̀nyí ò mọ táyà tó fẹ̀ ni?

Kí n má purọ́, fífẹ̀ nìkan kọ́ ló wà ńbẹ̀. Bí táyà méjì bá jẹ́ rọ́bà kan náà, tí atẹ́gùn inú wọn sì dọ́gba, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tilẹ̀ lè pàdánù agbára jù. Àmọ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ kì í dí i lọ́nà púpọ̀, ó sì máa ń gba atẹ́gùn tó le gan-an. Ẹni tó ra táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fún un ní atẹ́gùn tó yẹ, ó fi owó ṣòfò.

Wọ́n ní kò ní í di ilẹ̀ mú. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere wúwo tó ọkọ̀ wa àti awakọ̀ rẹ̀, táyà méjì ló sì ń lò. Tiwa jẹ́ mẹ́ta, a ò sì ní í sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 25 sí 30 ní wákàtí kan lọ. Wọ́n ní títì wa kún fún kòtò. Citroën 2CV tó jáde ní 1948, àgbẹ̀ tó ń gba inú oko ni wọ́n ṣe é fún, mílímítà 125 sì ni táyà rẹ̀.

Wọ́n ní owó kò sí. Òótọ́ ni, táyà ìdíje wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ra táyà kẹ̀kẹ́ ológeere tó dára nígbà náà. Àmọ́ ká ṣọ́ra: kẹ̀kẹ́ máa ń fi ara lé ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń yà, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Wíìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, kó sì lágbára, kó má baà wọ́. Wíìlì iwájú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ kọjú síbi kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò máa ha ilẹ̀, gbogbo làálàá wa á sì já sí asán.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ọjọ́ kan lọ. Kí a tó náwó, ẹ jẹ́ ká yá táyà ọ̀kadà àti ti kẹ̀kẹ́. Ká dì wọ́n mọ́ férémù ọkọ̀ wa níkọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan náà jókòó sí i, ká tú u sílẹ̀ láti orí ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà, ká sì wọn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dúró sí. Bí táyà ọ̀kadà bá jìnnà jù, èmi fúnra mi ni màá kun ọkọ̀ náà, ọ̀dà tó bá wù yín.

Bí kò bá sì jìnnà jù, ẹ jẹ́ ká gbé owó ọ̀dà fún táyà.