Kò Tíì Kú, Ẹ Má Sin Ín

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ará ilé ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́,

Àwa ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ tó gbòde báyìí: "Firigó ti gbó, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ lọ ra òmíràn ní Kútọnu." Òmíràn wo? Èyí tí òyìnbó ti lò títí, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá! À ń fowó ra ohun tí ẹlòmíì sọ nù, a wá ń sọ tiwa nù. Ṣé ọgbọ́n nìyẹn?

Bí firigó ò bá tutù mọ́, ó lè jẹ́ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ya, ó lè jẹ́ tẹmọsítáàtì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

A ò ní purọ́: bí mọ́tò rẹ̀ bá jóná, tí owó àtúnṣe ju ìdajì owó tuntun lọ, ẹ fi sílẹ̀. Òótọ́ ni pé firigó àtijọ́ ń jẹ iná. Ṣùgbọ́n èyí tí òyìnbó ti lò gbó náà ń jẹ ẹ́. Tó bá sì kú lọ́la, ta ni yóò dá owó yín padà?

Sísọ ọ́ nù pàápàá léwu. Àwọn àtijọ́ mìíì ní gáàsì R12 nínú, èyí tí àdéhùn Montreal ti 1987 dojú kọ. Bí àwọn tó ń ṣa irin bá gé páìpù rẹ̀, gáàsì á tú jáde, á máa ba ojú ọ̀run jẹ́.

Ohun tí à ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ pe oníṣẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó dá iye lé e, kí ẹ tó ra òmíràn. Kí àwọn olóyè sì fi àwọn ọ̀dọ́ wa sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí a bá ń sọ gbogbo nǹkan nù, ta ni yóò kọ́ṣẹ́ àtúnṣe?

Owó ilé, ẹ jẹ́ kó gbélé.