Wọ́n Gbé Sàráà Kọjá Mọ́ṣáláṣí

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ BBC gbé apá kan jáde nínú Doctor Who, eré tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1963. “The Story & the Engine” ni orúkọ apá náà. Inua Ellams, akéwì tí a bí sí ìlú Jos, ni ó kọ ọ́. Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń sọ ìtàn bí wọ́n ti ń gẹ irun wọn. Ncuti Gatwa, tí a bí ní Rwanda, ni ó ṣe Dókítà tí ó yan ṣọ́ọ̀bù yẹn láàyò, nítorí pé tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á níbẹ̀.

Ta wá ni wọn kò ṣí ọ̀nà fún láti wò ó? Ará Èkó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àsọdùn ni mo ń sọ. Disney+ ni BBC fún ní ẹ̀tọ́ nígbà náà láti máa fi àwọn apá tuntun eré yìí hàn lẹ́yìn odi Ìlú Ọba àti Ireland. Disney+ kò sì ta ọjà rẹ̀ fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Bí ẹ bá yà sí iPlayer, ìkànnì BBC fúnra rẹ̀, yóò sọ fún yín pé ẹni tó wà ní Ìlú Ọba nìkan ni àyè wà fún. Ilẹ̀kùn méjì, àgádágodo méjì.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọn yóò ní owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ará ìlú wọn ń san, £174.50 lọ́dún 2025, ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ló tọrọ ọ̀fẹ́? Owó ni a fẹ́ san! Láti ọdún 2016 ni Netflix ti ń gba owó lọ́wọ́ wa, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti wo Peaky Blinders, eré BBC gan-an.

Wọn yóò tún ní ẹ̀tọ́ àwọn òṣèré, olórin àti òǹkọ̀wé ni àwọn ń tà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, èmi tí mo fi iṣẹ́ ìkọ̀wé jẹun kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ̀tọ́ tí ẹni tó rà á kò lò ní Èkó, ta ló ń jẹ èrè rẹ̀? Òǹkọ̀wé kì í rí kọ́bọ̀ gbà lórí òǹwòran tí wọ́n kọ owó rẹ̀.

Wọ́n sì ti dán an wò rí. Lọ́dún 2011 wọ́n ṣí Global iPlayer, tí ará òkèèrè ń sanwó fún. Yúróòpù, Ọsirélíà àti Kánádà jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n tì í pa ní 2015 láìdé ọ̀dọ̀ wa. BritBox, tí BBC àti ITV jọ dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2017, dé South Africa ní 2021, kò yà sí Nàìjíríà. Kì í sì í ṣe pé BBC kò mọ ojúlé wa: láti ọdún 2018 ni ó ti ń fi èdè Yorùbá ka ìròyìn fún wa.

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn bá wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú VPN, olè ni wọn yóò pè é. N kò gbè sẹ́yìn olè. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò pàtẹ ọjà, kí ló ń wá lọ́wọ́ ẹni tí kò rà á?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, a gbọ́ pé àjọṣe BBC àti Disney lórí eré yìí ti dópin. Bí wọ́n bá tún fẹ́ bá ẹlòmíràn dòwò pọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé níbikíbi tí onítọ̀hún kò bá ti ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀tọ́ ibẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ BBC, kí BBC sì tà á fún wa ní náírà. Apá ti onígbàjámọ̀ yẹn ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.