Owó Ilé Kì Í Ṣe Owó Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá òwò mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ìwà mu. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ tí ń bọ́ àwọn ará ilẹ̀ wa ni ó jẹ́ pé inú ilé ni a ti ń ṣe é: aránṣọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aláró gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ń din ṣinṣín fún títà sì ń lo ilé ìdáná kan náà tí ó fi ń se oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Nítorí pé abẹ́ òrùlé kan ni iṣẹ́ àti ẹbí jọ ń gbé, inú àpò kan náà ni owó àwọn méjèèjì máa ń wọ̀. Ní èrò tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, tí kò sì kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀, kò lè mọ èrè rẹ̀. Kò lè san owó-orí tí ó tọ́ sí i. Bí a bá sì rẹ́ ẹ jẹ, kò ní ohun tí yóò fi jà.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni pé owó-orí tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ń san kì í ṣe orí gbogbo owó tí ó wọlé fún un. Orí èrè ni a ń gbé e lé, èrè náà sì ni ohun tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò. Òfin owó-orí tuntun ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, là á sílẹ̀ pé kò sí owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a ó san nínú ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan. Lórí èyí tí ó bá lé sí i, náírà méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún, títí dé ibi tí ìwọ̀n náà yóò tún ti ga sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní obìnrin kan ń ṣe àdìrẹ nílé ara rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ń tà á ní ọjà Ìtòkú. Ká ní gbogbo owó tí ó tà ní ọdún kan jẹ́ ₦3,600,000. Ó ra aṣọ funfun ní ₦1,500,000. Aró, sódà, àbẹ́là àti igi ìdáná gba ₦480,000. Ó san ₦240,000 fún ẹni tí ń bá a ṣiṣẹ́, ó sì san ₦100,000 fún ọkọ̀. Owó iná mànàmáná ilé rẹ̀ jẹ́ ₦240,000. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ni ó bá iṣẹ́ lọ, nítorí òun ni ó fi ń fa omi tí ó sì fi ń lọ aṣọ, èyí sì jẹ́ ₦80,000. Gbogbo ìnáwó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦2,400,000, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,200,000. Bí a bá yọ ₦800,000 tí òfin dá sí, ₦400,000 ni ó kù, owó-orí rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦60,000.

Ṣùgbọ́n bí obìnrin yìí kò bá ní àkọsílẹ̀ kankan ńkọ́? Òfin fún òṣìṣẹ́ owó-orí láyè láti fojú díwọ̀n fún ẹni tí kò ní ìwé ìṣirò. Bí ó bá rí i pé ₦3,600,000 ni ó wọ inú ìwé báǹkì rẹ̀, tí ó sì ka gbogbo rẹ̀ sí èrè, owó-orí náà di ₦438,000. Lóòótọ́, òṣìṣẹ́ tí ó lóye yóò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í ṣe àdìrẹ láìra aṣọ; ṣùgbọ́n èló ni aṣọ náà? Obìnrin náà kò lè sọ, òṣìṣẹ́ náà kò sì mọ̀. Àfojúdíwọ̀n ni yóò borí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tí kò sì ní ìwé lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó dákẹ́, bí ó tilẹ̀ ń pariwo.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ń kọ owó rẹ̀ sílẹ̀ ń fi ara rẹ̀ han agbowó-orí ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé a máa ń gbà kí alájọ gba owó lọ́wọ́ wa láìfàlà sí káàdì? Bí ó bá gbàgbé àmì ọjọ́ kan ṣoṣo, a ó pè é padà. Bí a bá ń ṣọ́ owó tí a fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, èéṣe tí a kò fi ní ṣọ́ èyí tí ó wà lọ́wọ́ ara wa? Ìwé ìṣirò kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Olówò ni ó kọ́kọ́ ń ṣe ní àǹfààní. Òun ni ó ń sọ fún un bóyá òwò náà ń pọ̀ sí i, tàbí ó ń jẹ ojú owó láìmọ̀.

Ìtàn ìlú Abẹ́òkúta kan náà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ lórí èyí. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó-orí iye kan náà, láìka ohun tí oníkálukú ń rí sí. Ní ọdún 1947, àwọn obìnrin náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ oníṣòwò, tú síta ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ni aṣáájú wọn. Ní ọdún 1948, a dá owó-orí àwọn obìnrin dúró, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi ìlú sílẹ̀ títí di ọdún 1950. Ẹjọ́ wọn ni pé a ń gba owó lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìka kò dọ́gba. Owó-orí tí ó bá sọ gbogbo ìka di ọgbọọgba, ìrẹ́jẹ ni. Lónìí, òfin ti gbà pé kí oníkálukú san gẹ́gẹ́ bí èrè rẹ̀ ti mọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí kò lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò mọ èrè rẹ̀.

Bí ó ti wà fún olówò náà ni ó wà fún ìjọba. Ìjọba tí ń bèèrè ìṣirò lọ́wọ́ aláró gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí ó fi owó aláró ṣe. Owó tí ẹnikẹ́ni bá sì gbà lójú ọ̀nà tàbí nínú ọjà láìfún ni ní rìsíìtì, ẹ má ṣe pè é ní owó-orí.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ tiwa pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ìnáwó ni ìnáwó iṣẹ́. Owó ilé-ìwé ọmọ, aṣọ ẹbí tí a rà fún ìgbéyàwó, àti ẹja tí a fi se ọbẹ̀ alẹ́, owó ilé ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú owó tí a tà ni a ti mú wọn. Ẹni tí ó bá kó wọn pọ̀ mọ́ ìnáwó iṣẹ́ ń purọ́ fún ìjọba, ó sì ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àti láti ọdún 2020 ni òfin ti gbà pé kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó kọ́ńpìnnì kì í tún ṣe owó àpò rẹ̀ mọ́. Òfin dá kọ́ńpìnnì kékeré sí, kò ní san owó-orí lórí èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ó má mú ìṣirò rẹ̀ wá ní ọdọọdún.

Bóyá ẹ ó sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó ń ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tí kò sì mọ̀wé kọ. Ẹ̀yin tí wọ́n rán wá sí ilé-ìwé lè ran àwọn náà lọ́wọ́. Ẹ ra ìwé kan, ẹ fàlà sí àárín ojú ewé: ohun tí ó wọlé ní apá kan, ohun tí ó jáde ní apá kejì. Ẹ kọ ọ́ ní alaalẹ́, ẹ sì kó àwọn rìsíìtì sínú àpótí kan. Kí ìyá yín fún ara rẹ̀ ní owó oṣù tí ó mọ níwọ̀n, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún iṣẹ́. Nígbà tí ó bá di ìparí oṣù kẹta, tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ti jíṣẹ́ èrè rẹ̀ fún ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ rẹ̀, yóò lè gbé ìwé yẹn lọ síbẹ̀, yóò sì lè sọ pé, “Èyí ni mo tà, èyí ni mo ná, èyí ni ó kù.”