Ẹ Má Dúró De Ìṣòro Kí Ẹ Tó Wá sí Ọ̀sẹ̀ Ifá



Ẹni ọdún 53 ni mí nígbà tí mo kó wá sí Ìbàdàn. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ dàgbà ti fọ́n ká. Àwọn mìíràn ti di ará ọ̀run. Odindi oṣù mẹ́fà, onílé mi nìkan ni mo mọ̀ ládùúgbò.

Ọ̀sẹ̀ Ifá ló yọ mí. Ọrọọrún ni wọ́n ń ṣe é nílé bàbá awo kan nítòsí wa. N kò lọ dáfá. Mo kàn lọ jókòó ni. Nígbà kejì, mo bá wọn pọn omi. Nígbà kẹta, wọ́n ní kí n pín obì. Nígbà tí wọn kò rí mi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn mẹ́ta wá kanlẹ̀kùn. Ibà ti dá mi dùbúlẹ̀. Àwọn ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀pọ̀ wa ń lo ilé Ifá bí ẹni lo ilé oníṣègùn: a dáfá, a rúbọ, a lọ. Ẹbọ á dà, ṣùgbọ́n a ò ní mọ ẹni tó jókòó tì wá. Ìpàdé léraléra ló ń sọ àgbà méjì di ọ̀rẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 Oṣù Kẹjọ, dára, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni.

Ẹ̀yin bàbá awo, ẹ máa béèrè orúkọ àlejò. Ẹ̀yin tí ẹ dá wà, ẹ wá bá wa gbálẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ire o.