Ẹ Ṣí Ìwé Ilé Etí Ọ̀sà Sílẹ̀

Láti Ìkòyí títí dé Ajá, àti láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ óò rí pátákó àwọn tó ń ta ilé àti ilẹ̀ etí ọ̀sà. Wọ́n á ya omi tó ń dán, wọ́n á ya ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà pé ilẹ̀ gbígbẹ ni, pé C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ti ń bọ̀ lọ́nà. Ohun tí wọn kì í kọ ni ẹni tó kó yanrìn síbẹ̀, ọdún tó kó o, àṣẹ tó gbà kó tó kó o, àti ẹni tó ń pẹja níbẹ̀ kí yanrìn tó dé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìwé pẹlẹbẹ yìí gbé wá: kí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí ilé tàbí ilẹ̀ etí ọ̀sà àfi tí ìtàn ilẹ̀ náà bá ti wà ní gbangba, níbi tí olùrà, aládùúgbò àti oníròyìn ti lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà lónìí, ọrùn olùrà ni gbogbo ẹrù wà. Òun ni yóò gbé ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀, kí wọ́n bá a wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Òun ni yóò sanwó fún lọ́yà kó lọ tú fáìlì ní Aláúsá. Òun náà ni yóò wádìí bóyá ẹbí tó ń tà á ló ni ín, bóyá olórí ẹbí àti àwọn àgbà ló fọwọ́ síwèé, tàbí àwọn ọ̀dọ́ kan ló ń tà á lẹ́yìn baba wọn. Tó bá ṣe èyí tán, àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣì ń dúró dè é: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kì, owó òrùlé. Lóòótọ́, òfin ìdáàbòbò dúkìá tí Èkó ṣe ní 2016 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ ni òfin yẹn ń dé. Ohun tí à ń béèrè ni èyí tí yóò ṣíwájú owó.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi tirẹ̀ kún un. Ó kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì ní onílẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ fi í dúró fún gbèsè, láìgba àṣẹ gómìnà. Ohun tí a bá ṣe láìgba àṣẹ yẹn, òfo ni. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ jẹ́ ká rí ibi tí èyí lè gbé wa dé: ẹni tó fi ilé ara rẹ̀ dúró lọ́dọ̀ báǹkì láìgba àṣẹ ló padà wá sọ pé báǹkì kò lè ta ilé náà nítorí pé kò sí àṣẹ, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. N kò bá àwọn adájọ́ jà. Ohun tí òfin wí ni wọ́n kà. Àmọ́ bí báǹkì tó ní lọ́yà rẹpẹtẹ bá lè jìn sí irú kòtò bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa nọ́ọ̀sì tó ń fowó ránṣẹ́ láti Manchester sí àbúrò rẹ̀ kó bá òun ra pulọ́ọ̀tì kan létí omi?

Ẹni tó ń ra ilẹ̀ ní Ìpájà náà ń bá gbogbo èyí yí. Ti etí ọ̀sà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi ni ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ títí di àìpẹ́ yìí. Banana Island tí wọ́n pín sí pulọ́ọ̀tì 535, yanrìn tí ẹ̀rọ fà láti inú ọ̀sà ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tí kò lówó ẹ̀rọ, ní ẹ̀gbẹ́ Mákòkó àti Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, ìdọ̀tí ni wọ́n fi dí omi, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú tẹ́lẹ̀ ní Òkobàbá. Tí wọ́n bá ti da kọnkéré lé e, tí wọ́n kun fẹ́ńsì, ojú kò rí ìyàtọ̀ mọ́. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbàgbé. Yanrìn tí a kó lé ẹrẹ̀ rírọ̀ lórí á máa rì díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí ẹrẹ̀ ti jìn á rì ju ibi tí kò jìn lọ, ògiri á sì là láti òkè délẹ̀. Ẹnjiníà tó bá mọ ọdún tí wọ́n kó yanrìn síbẹ̀, tó sì mọ bí ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣe jìn tó, lè ṣírò ìpìlẹ̀ tó máa gbé ilé ró, ó sì lè ní kí wọ́n gbá òpó kọnkéré wọlẹ̀ títí yóò fi kan ibi líle. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn fojú díwọ̀n ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn ẹjẹ́ntì kì í fẹ́ ká béèrè. Ọ̀sà tí ẹ sanwó lé, ta ló ní yóò dúró síbẹ̀? Ẹlòmíràn lè gba àṣẹ, ó sì lè má gbà á rárá, kó wá kó yanrìn síwájú fẹ́ńsì yín, kó kọ́ ilé tirẹ̀ síbẹ̀. Ilé etí ọ̀sà yín á wá di ilé ẹ̀yìn ilé. Omi òjò tó máa ń ṣàn gba ibẹ̀ lọ sínú ọ̀sà kò ní rọ́nà mọ́, pálọ̀ yín ló máa yà sí. Olùtà tó mọ̀ pé wọ́n ti ń wọn ojú omi tó wà níwájú òun lè yára tà, kó gbowó, kó kó lọ sí Ìbàdàn láìsọ nǹkan kan. Òfin tí yóò fipá mú un kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín ni à ń fẹ́.

Ta ló tilẹ̀ ń fúnni láṣẹ? Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú àti àṣẹ ìkọ́lé. Ní oṣù kìíní 2024, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àkóso àwọn ojú omi tí ọkọ̀ ń gbà. Ìdájọ́ méjèèjì yé wa. Níbo wá ni omi ti tán tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí yanrìn ń sún ààlà náà síwájú lọ́dọọdún? Ìjọba méjì ló ń na ọwọ́ sí olùrà kan ṣoṣo, èyí tó bá sì sanwó fún kò dá èkejì dúró. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 2023, ilé alájà méje tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Banana Island. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní wọn kò gba àṣẹ ìkọ́lé lọ́dọ̀ òun. Ilé alájà méje kò ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ agbádá! Ká ní àkọsílẹ̀ wà ní gbangba ni, ẹni tó ń gbé ní òdìkejì títì ì bá ti wò ó lórí fóònù rẹ̀, ì bá sì ti figbe bọnu kí wọ́n tó da dẹ́kì kejì.

Ẹ rántí ti odò Ìkọta. Ní 2023 àti 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ wó ilé ní agbègbè Lẹ́kí, ó ní ojú ọ̀nà omi ni wọ́n kọ́ wọn sí. N kò ní bá ìjọba wí pé ó ṣí ọ̀nà fún omi. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba Lẹ́kí lásìkò òjò mọ̀ pé omi gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ṣùgbọ́n àwọn onílé kan ní àwọn gba ìwé àṣẹ. Bí ìwé náà bá jẹ́ ayédèrú, ta ló ṣe é? Bí kì í bá ṣe ayédèrú, ta ló fọwọ́ sí i, iṣẹ́ wo ló sì ń ṣe báyìí? Òfin 1978 sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀, iye ilé àti ohun tí a ṣe sórí rẹ̀ ni yóò san. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ìṣákọ́lẹ̀ tí onílẹ̀ san lọ́dún náà lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá sì dúró dáadáa lè má rí èyí náà gbà. Nítorí náà, kí wọ́n ri òpó kọnkéré mọ́ ibi tí ilé kò gbọdọ̀ kọjá létí ọ̀sà gbogbo, kí wọ́n fi ààlà náà hàn lórí máàpù tó wà ní gbangba. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fọwọ́ sí ilé kọjá ààlà náà, kí ìjọba san owó onílé pé pérépéré, kó sì lọ gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀.

A kò lè sọ ìtàn etí ọ̀sà ká fo àwọn tó ti wà níbẹ̀ dá. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Olùdámọ̀ràn Ọba ní London dá Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, láre lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba àmúnisìn gbà. Herbert Macaulay ló bá olóyè náà rin ìrìn àjò lọ sọ́hùn-ún. Ìdájọ́ yẹn gbà pé àwọn ìran tó ni ilẹ̀ náà wà kí ìjọba tó dé. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó Maroko, àdúgbò kan létí ọ̀sà. Àwọn tó dẹni tí kò nílé tó nǹkan bí 300,000, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn onílé ni wọ́n sì fún ní ibòmíràn. Ẹ lọ wo ohun tó wà níbẹ̀ lónìí. Láàrin oṣù kọkànlá 2016 sí oṣù kẹrin 2017, wọ́n fi iná àti katakata lé àwọn ará Otodo-Gbame, ìlú apẹja kan létí ọ̀sà Lẹ́kí, àwọn tó lé ní 30,000. Ní oṣù kẹfà 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó ní lílé tí wọ́n lé wọn láìpèsè ibùgbé mìíràn fún wọn tako òfin. Ẹni tí wọ́n bá na ilẹ̀ irú ibẹ̀ sí láti rà, ó yẹ kó rí ìdájọ́ yẹn nínú àkọsílẹ̀ kó tó fa owó yọ ní báǹkì. Kì í ṣe àánú nìkan ni mo ń ṣe. Ẹjọ́ tí kò tíì parí lórí ilẹ̀ kan, ọrùn ẹni tó bá rà á ló ń lọ.

Àwọn ọmọ wa lókè òkun mọ̀ pé ohun tí à ń sọ ṣeé ṣe, torí wọ́n ti fi ra ilé. Láti 1990 ni ẹnikẹ́ni ti lè wo ìwé ilẹ̀ ní England àti Wales, kódà kí onílé má mọ̀ pé ẹnì kan wò ó. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá 2024, ẹni tó ń ta ilé gbígbé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún olùrà bóyá òun ti béèrè owó ìbánigbófò rí nítorí omi tó ya wọ ilé náà, tàbí òun ti gba ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ nítorí rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń béèrè gbogbo èyí ní Miami á dé Èkó, á wá gbà pé rìsíìtì ẹjẹ́ntì ti tó.

Àwọn tó ń tako èyí á ní tí ìwé bá ṣí sílẹ̀, ọlọ́ṣà á mọ ilé olówó. Ṣé ọlọ́ṣà kò lójú láti rí ilé náà ni? Àwọn tó ń bẹ̀rù gan-an ni àwọn tó fi orúkọ ẹlòmíràn ra ilé, tí wọn kò fẹ́ kí owó oṣù wọn àti ilé wọn pàdé lójú ìwé kan. Wọ́n á ní owó ilé etí ọ̀sà á wálẹ̀. Ti èyí tí ìtàn rẹ̀ kò dára á wálẹ̀ lóòótọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀; ti èyí tó mọ́ á gòkè, nítorí báǹkì á lè yá ènìyàn lówó lé e lórí láìwárìrì. Wọ́n á tún ní owó tí Aláúsá ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń wo fáìlì á dín kù. Ó lè dín kù.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú yín ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, ẹ sì jẹ́ kó dáhùn lórí ìwé: ṣé yóò gbé òfin yìí wá, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kí òfin tó dé, ẹni tó bá fẹ́ rà lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ má ṣe san àsansílẹ̀ kankan, kódà owó tí wọ́n bá ní àwọn fi ń di ilẹ̀ mú fún yín, àfi tí olùtà bá kọ ọ́, tó sì fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà yín: ẹni tó kó yanrìn síbẹ̀ àti ọdún tó kó o, ìjọba tó fún un láṣẹ, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá omi ti wọ ilé náà rí, àti ẹjọ́ tó bá wà lórí rẹ̀. Èyí tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ gba nọ́ńbà pátákó rẹ̀, kí ẹ fi han àwọn tó kù.