Olú Orí Koríko Kì Í Ṣe Ọbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tó wà ní Samaru àti Sabon Gari, bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní Zaria, koríko gígé iwájú ilé wa a di oko olú. Àwọn kan a fi bàtà tú u ká, àwọn mìíràn a da kẹrosíìnì sí i. Lójú tiwa, iṣẹ́ àṣedànù ni. Èso lásán lèyí tí à ń rí lókè. Ara olú gan-an wà nísàlẹ̀, ó rí bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń jẹ gbòǹgbò igi tó ti kú àti koríko jíjẹrà. Bí ẹ bá fọ́ ogún lónìí, òmíràn yóò yọ lọ́la. Kẹrosíìnì a sì pa koríko kó tó pa olú. Ẹni tó bá fẹ́ kó dín kù, kó hú kùkùté jáde, kó kó pàǹtí kúrò, kómi rí ọ̀nà ṣàn lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ní sùúrù. Ọ̀gbẹlẹ̀ ń bọ̀. Olú kò sáà bá koríko jà, ohun tó ń jẹ ló ń di ajílẹ̀ fún un.

Ìkòkò ọbẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le. Àwọn ìyá wa tó dàgbà nílé mọ olú tí í hù lórí ògán, èyí tí ikán fúnra rẹ̀ ń tọ́jú nínú ilé rẹ̀. Àwa tí wọ́n bí sí Òkè Ọya, orúkọ nìkan la mọ̀. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń pe olú ní naman kaza, ẹran adìẹ nìyẹn, orúkọ tó ń dá ni lọ́fun tólótòló! Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú àwọn tó wọ́pọ̀ lórí koríko gígé nílẹ̀ olóoru ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chlorophyllum molybdites. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́, láàrin wákàtí díẹ̀, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru dé. Bó bá gbó, abẹ́ rẹ̀ a ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ní kékeré, funfun ni, ó jọ èyí tí à ń jẹ.

Ẹ má gbọ́ tẹni tó ní òun yóò fi àlùbọ́sà dán an wò, tàbí tó ní ewúrẹ́ jẹ ẹ́ kò kú. Àlùbọ́sà kò mọ májèlé. Olú mìíràn wà tí sísè kò ran oró rẹ̀ rárá.

Nítorí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré níbẹ̀ nìkan la ṣe fara mọ́ títu olú: ẹ tu ú, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ kó o dànù, ẹ fọwọ́. Ẹni tí olú bá ń wù jẹ, kó dúró dìgbà tó bá relé lọ bá ìyá àgbà. Ẹni tó bá sì ti jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ kíákíá, kó mú èyí tó kù dání kí dókítà rí i.