Ẹ Má Jẹ́ Kí Sójà Yín Kú Tán

Ìyá aláṣọ kan kọ̀wé láti Ìbàfò: "Ọmọ mi, wọ́n ní mo ní kòkòrò HIV, àmọ́ ara mi le koko. Ṣé kí n ṣì dúró ná?"

Ìyá wa, ẹ má dúró o! Bí a ṣe ń fi ilà ojú mọ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni dókítà ń fi àmì ara mọ àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀. Àmì kan ń jẹ́ CD4. Òun gan-an ni kòkòrò yìí ń dì mú kó tó wọlé pa sójà. Bí wọ́n bá dín ní 200 nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín, ewu dé. Láti 2015, àjọ WHO ti ní kí gbogbo ẹni tó bá ní in bẹ̀rẹ̀ oògùn, bí sójà rẹ̀ tiẹ̀ ṣì pọ̀. Ta ló ń dúró kí olè pa ọdẹ tán kó tó ké gbàjarè?